Ohùn Bàbá Ọ̀rẹ́ Mi Tí Mo Ní Fáírọ́ọ̀sì Jẹ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Mi ò ní sọ orúkọ mi, nítorí Ìdànrè kò tóbi tó kí n sọ ọ́ tán kí n tún máa rìn nígboro. Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan mọ́ra láti ìgbà òjò èṣí. Mo rò pé yóò tán nínú mi, kò tán. Ní báyìí, ìdána ọ̀rẹ́ mi ti sún mọ́lé.

Fọlákẹ́ kọ́ ni orúkọ ọ̀rẹ́ mi, àmọ́ ẹ jẹ́ ká máa pè é bẹ́ẹ̀. Ilé wọn àti ilé wa kọjú síra ní Odòde. A jọ dàgbà ni, a sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan náà. Èmi ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì. Òun ń ṣe tíṣà, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, tó wá gbájú mọ́ oko kòkó.

Bàbá náà gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Bàbá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í jáde nílé láàárọ̀ láì jẹ́ pé ó pe Fọlákẹ́, ó sì súre fún un. Èmi á máa gbálẹ̀ níwájú ilé wa, etí mi á wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Ojú kan náà ni mo máa ń gbá títí bàbá yẹn á fi ṣe àmín.

Bàbá tèmi wà láyé o. Ọ̀nà Ofosu ló wà, ó ti ní ìyàwó àti àwọn ọmọ mìíràn níbẹ̀. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, mo wọ mọ́tò lọ bá a, mo ní kó gbàdúrà fún mi. Ó ní òun ń kánjú. Ó ra búrẹ́dì fún mi, ó sìn mí padà sétí títì, ó ní kí n kí ìyá mi. Bí mọ́tò ṣe fẹ́ gbéra, ó juwọ́ sí mi, ó sì fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Mo jẹ búrẹ́dì yẹn délé, ebi ń pa mí.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá Tíṣà dùbúlẹ̀, ó mọ̀ pé òun ò ní lè dúró de ìdána Fọlákẹ́. Ẹ mọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó á kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, bàbá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á wúre fún un, kí wọ́n tó fà á lé àwọn àna lọ́wọ́. Bàbá ní kí wọ́n gbé fóònù Fọlákẹ́ wá, ó ní kí gbogbo wọn bọ́ síta, ó sì wúre náà sílẹ̀ síbẹ̀. Ó ní tó bá di ọjọ́ náà, kí Fọlákẹ́ kúnlẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó gbọ́ ohùn òun, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ ṣáájú ìgbà náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú.

Nígbà tí àyè inú fóònù náà kún, Fọlákẹ́ kó ohùn náà sínú láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Kò ní ẹ̀dà rẹ̀ kankan níbòmíràn. Èmi tí iṣẹ́ mi nìyẹn, mi ò kìlọ̀ fún un.

Láptọ́ọ̀pù yẹn ti darúgbó. Ó wúwo, fáànù inú rẹ̀ ń han gooro, kò sì lè ṣiṣẹ́ láì jẹ́ pé ṣájà wà lára rẹ̀. Òjò ti ṣú bo orí òkè lọ́jọ́ tí Fọlákẹ́ gbé e wá bá mi. Ó fi ìborùn rẹ̀ wé e bí ọmọ tuntun. Bí mo ṣe tàn án, ìpolówó ló ń yọ lọ́tùn-ún lósì, ti tẹ́tẹ́, ti oògùn ìsanra, ti obìnrin tí kò wọṣọ tán. Mo pa ọ̀kan, òmíràn yọ. Gbogbo fódà inú rẹ̀ ti di orúkọ lásán, bí o bá tẹ̀ ẹ́, o ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀.

Fọlákẹ́ ní, "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, ohùn bàbá mi wà nínú ẹ̀. Ohun tó kù ò ká mi lára. Tó o bá ti rí ìyẹn yọ fún mi, ó parí."

Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ lè mọ bí ohun tí mo ṣe ṣe burú tó. Irú fáírọ́ọ̀sì yẹn kì í jẹ fáìlì. Ńṣe ló máa ń fi wọ́n pamọ́, á wá gbé orúkọ wọn síta láti fi tan èèyàn. Mo gé ẹ̀rọ náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo tàn án lọ́nà tí ohunkóhun kò fi ní lè dá ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo fi oògùn fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú fíláàṣì mi yẹ gbogbo kọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò, mo sì fa àwọn ètò burúkú tó ń bá ẹ̀rọ náà jí tu níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo pàṣẹ pé kí gbogbo ohun tó sá pamọ́ jáde. Wọ́n sì jáde. Fọ́tò wà níbẹ̀, iṣẹ́ ilé ìwé wà níbẹ̀, orin ẹgbẹ́ akọrin wà níbẹ̀, àti fáìlì kan tí Fọlákẹ́ sọ ní "Bàbá mi".

Inú mi dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn nígbà yẹn. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú fíláàṣì mi, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, pé ẹrù oníbàárà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà níbi tó mọ́. Mo wá tẹ ohùn náà kí n mọ̀ bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀.

Òjò ń rọ̀ sórí páànù nínú rẹ̀, ewúrẹ́ kan ń ké níta. Bàbá wúkọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki Fọlákẹ́, ó rọra ń kì í, ó ń sinmi, ó tún ń kì í. Ó ní ilé tó ń lọ á tù ú. Ó ní òun ò lọ jìnnà. Ó pe orúkọ rẹ̀, ó tún pè é.

Mo pa á. Mi ò lè gbọ́ ọ dópin.

Ìlara ni. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀ fún yín. Kì í ṣe ìlara ọkọ tí Fọlákẹ́ rí ní Àkúrẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà ta mí díẹ̀. Ohun tó dùn mí dé egungun ni pé bàbá tó fẹ́ kú mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, èyí tí ara rẹ̀ le koko kò mọ tèmi. Mo wo ọwọ́ mi, eruku inú láptọ́ọ̀pù wọn ló kún un. Mo ní nínú ara mi pé, Fọlákẹ́ ti ń gba ìre láràárọ̀ láti kékeré, kí ló tún fẹ́ fi èyí ṣe? Ṣé kò tó o ni? Kí òun náà kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó má gbọ́ nǹkan kan.

Mo bá pa fáìlì náà rẹ́ kúrò nínú láptọ́ọ̀pù wọn. Èyí tó wà nínú fíláàṣì mi, mo fi í sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Nígbà tí Fọlákẹ́ dé, mo sọ fún un pé ẹ̀rọ ti mọ́, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì ti jẹ ohùn bàbá. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà, ó gbé láptọ́ọ̀pù náà lé ẹsẹ̀, ó ní, "O ṣeun, o kúkú gbìyànjú." Ó fi ọwọ́ nu eruku ojú ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Ta ló kó fáírọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́?"

Òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ti sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tó gbé e wá, láì mọ ohun tó ń sọ. Nǹkan kan ló yọ sí i, ó ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti dọ̀tí, kó tẹ ibí kí wọ́n bá a fọ̀ ọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́. Mi ò lè wo ojú rẹ̀ kí n sọ ìyẹn fún un. Mo ní, "Ó jọ pé fíláàṣì Dáre ni."

Dáre ni àbúrò rẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo tí Bàbá Tíṣà bí. Ó fẹ́ràn fíìmù, ó sì máa ń gbà á láti fíláàṣì ọ̀rẹ́ kan dé òmíràn, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Kò sí ẹni tí kò ní gbà mí gbọ́.

Ìyá wọn ní àdúrà lè dá ohùn náà padà. Lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé láptọ́ọ̀pù lọ síwájú pẹpẹ. Wòlíì rìn yí i ká, ó fẹ́ bu omi àdúrà wọ́n ọn, èmi ni mo sáré fi ìborùn bo bọ́tìnnì rẹ̀ kí omi má bàa bà á jẹ́. Ẹ wo ìwà mi. Wòlíì dijú, ó ní, "Ẹni tó ń bá yín jẹun ló ṣe é."

Ilé wọn ni mo ti jẹun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àmọ́ gbogbo ojú yí sí Dáre. Èmi náà wò ó.

Láti ìgbà náà, Fọlákẹ́ kì í dá ọmọ yẹn lóhùn dáadáa mọ́. Dáre kó lọ sí abà oko kòkó bàbá rẹ̀, ọjọ́ ìsìn nìkan ló ń wálé. Ìyá wọn ní bàbá kò sí mọ́, ohùn rẹ̀ ò sì sí, Dáre ló yẹ kó dúró ní ipò bàbá lọ́jọ́ ìdána. Fọlákẹ́ ní kò ṣeé ṣe. Ó ní, "Ẹni tó gbà mí ní ohùn bàbá mi kò ní gbé ọwọ́ lé mi lórí." Èmi ni mo ń bá a di irun nígbà tó sọ ọ́. Mi ò dáwọ́ irun dídi dúró.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Dáre wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Oje kòkó ti gbẹ mọ́ ọn láṣọ. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí bí ẹ ṣe lè tún un wò? Mi ò rántí pé mo ki fíláàṣì bọ̀ ọ́ rí. Àmọ́ mo lè ti gbàgbé. Tó bá jẹ́ pé èmi ni, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi."

Ọmọ yẹn ti ń gbà pé òun ló ṣe é. Èyí ló wó mi lulẹ̀. Bó ṣe lọ, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, mo yọ fíláàṣì náà. Mo gbọ́ ohùn bàbá dópin fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó wúre fún Fọlákẹ́ tán, ó ṣe àmín. Mo rò pé ó ti parí. Ó tún wúkọ́. Ẹnu Ìdànrè ló fi sọ ọ́, mò ń yí i sí èyí tí gbogbo yín á gbọ́. Ó ní, "Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ tó máa ń gbálẹ̀ ní òdìkejì yẹn, mo mọ̀ pé kò ní ṣaláì wà níbẹ̀. Ẹ ní kó bọ́ síwájú, kó kúnlẹ̀ tì ọ́."

Ó wá pe orúkọ mi. Orúkọ mi gan-an, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní òun mọ̀ pé mo máa ń tẹ́tí, pé láràárọ̀ ni òun ń fi tèmi kún un kí òun tó ṣe àmín. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi kò ní já mi kulẹ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́ ìdána tìrẹ náà, bí kò bá sí ẹni tó máa wúre fún ọ, ohùn yìí ni kí wọ́n lò. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo fún."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà débi pé ẹni tó ń ta páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kan ilẹ̀kùn. Mo sọ fún un pé orí ló ń fọ́ mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀nà kan wà tó rọrùn. Mo lè gbé fíláàṣì lọ, kí n ní mo ti rí ètò tuntun kan tó ń wá ohun tó sọnù padà. Fọlákẹ́ á dì mọ́ mi, wọ́n á gbé mi gẹ̀gẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Mo ti ronú ọ̀rọ̀ tí n ó sọ pàápàá. Àmọ́ wọ́n á máa dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí Dáre kò ṣẹ̀ jì í, èmi á sì bọ́ síwájú, màá kúnlẹ̀, màá ṣe àmín.

Tí mo bá sọ òótọ́, Dáre á dúró ní ipò bàbá rẹ̀, orí rẹ̀ á gbé sókè. Àmọ́ Fọlákẹ́ lè má fẹ́ fojú kàn mí mọ́ láé. Bàbá á máa pe orúkọ mi lójú gbogbo èèyàn pé kí n bọ́ síwájú, ẹ̀gbẹ́ Fọlákẹ́ á ṣófo.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí ẹnikẹ́ni ní Odòde bá ti dá mi mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Fíláàṣì náà wà lápò mi. Fọlákẹ́ jókòó sí ojúde wọn ní òdìkejì, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó sì ti kí mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbá ojú kan náà, mi ò tíì lè sọdá.