Mo Pe Ọtí ní Atalẹ̀ fún Tẹ́rì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, inú ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ Texas ni mo wà, ibẹ̀ náà ni n ó sì kú sí. Ẹ̀wọ̀n gbére ni adájọ́ dá fún mi. Irun orí mi ti funfun, orúnkún ń dùn mí, èmi tí mo ti ta gìtá níwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ariwo ìlẹ̀kùn irin ni mò ń gbọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ má ṣàánú mi. Èèyàn ni mo pa. Ọ̀rẹ́ mi ni, kò ṣẹ̀ mí rí, tẹ̀ríntẹ̀rín ló sì fi gba ohun tó pa á lọ́wọ́ mi.

Ilé ìwé ni bàbá mi rán mi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n mo ti mọ gìtá báàsì í ta láti ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn, nígbà tí mo sì gbọ́ pé àwọn ọmọkùnrin kan tó ń kọ orin rọ́ọ̀kì ń wá onígìtá, mo gba ọ̀dọ̀ wọn lọ. Òyìnbó ni gbogbo wọn. Ẹni tó ń kọrin fún wọn ní ohùn bí ẹni ń jà. Tẹ́rì ni onílù wọn, ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, eyín iwájú rẹ̀ kan sì ti kán. Wọ́n ní kí n ta gìtá kí wọ́n gbọ́. N ò tíì ta á jìnnà tí Tẹ́rì fi ní, "Òun nìyí. Ẹ má wá ẹlòmíì mọ́."

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ jọ ṣeré tán nílé ọtí kan, olórin wa ti ife ọtí kan sọ́dọ̀ mi.

Mo ní, "Èmi ò kì í mu ún o."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo pásítọ̀ wa!"

Kíá, gbogbo ilé ọtí ti ń pè mí ní pásítọ̀. Tẹ́rì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Bí kò bá fẹ́, kò fẹ́ náà nìyẹn." Háà, ká ní mo gbọ́ ti Tẹ́rì! Ojú ló tì mí. Mo gbé ife náà, mo dà á sọ́nà ọ̀fun, ó korò bí ewúro. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. N ò mu ún nítorí pé ó dùn, mo mu ún kí wọ́n lè kà mí mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe ń mu ún lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

N ò ní purọ́ fún yín, a gbádùn ara wa. Láàárọ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú ọkọ̀, kí a tó jẹun. Nílùú kan, olórin wa fi orúkọ ìlú míì kí àwọn èrò. Inú bí wọn, wọ́n ń ju agolo ọtí lù ú. Ó hán ọ̀kan, ó ṣí i, ó mu ún tán, wọ́n tún wá ń yẹ́ ẹ sí! Nílùú míì, a gbàgbé Tẹ́rì síbi tí a ti ra epo ọkọ̀. Nígbà tí a padà dé, ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi igi ìlù lu ìdí korobá fún àwọn tó ń rajà. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti kọ́ ọ ní "Ẹ káàárọ̀." Ìyẹn nìkan ló mọ̀, bí ilẹ̀ ṣú, bí ilẹ̀ mọ́, "Ẹ káàárọ̀" ni.

Ara ọwọ́ Tẹ́rì la ti kọ́kọ́ rí ohun tí ọtí ń ṣe fún wa. Bí kò bá tíì mu nǹkan kan, ọwọ́ náà á máa gbọ̀n, igi ìlù á máa jábọ́. Bó bá sì mu àmujù, á máa sáré ju orin lọ. Ó ní ibi tó gbọ́dọ̀ mọ, èmi sì ni mo mọ ibẹ̀. Ọtí líle tó kún ìdérí ìgò méjì nínú tíì gbígbóná, kó tó gorí pèpéle. Epo ọwọ́ la sọ ọ́. Bí àsìkò bá tó, olórin wa á ké sí mi pé, "Pásítọ̀, ṣé o ti fún un ní epo ọwọ́?" Mo ń fi iṣẹ́ yẹn yangàn. Ẹ ò rí i pé orí mi ti dàrú!

Nígbà tó yá, Tẹ́rì ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn eré kan. Dókítà ní ọtí ti ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Bí ẹgbẹ́ wa ṣe tú ká nìyẹn. Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Dallas, ló ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Duncanville, ìlú kan nítòsí Dallas. Mo rí iṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Arlington, mo sì ń ta báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àǹtí ní ọjọọjọ́ Ìsinmi. Mo sọ fún gbogbo wọn pé mo ti fi ọtí sílẹ̀. Irọ́ ni. Ìgò pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ mi.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ọjọ́ kan ni olórin wa pè mí. Àwọn kan fẹ́ kí a wá ṣeré lẹ́ẹ̀kan sí i, ní gbangba ìta, lọ́sàn-án, ní Arlington tí mo ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Bí ó bá dùn, wọ́n á gbé wa káàkiri gbogbo Amẹ́ríkà. Mo fò sókè bí ọmọdé. Ó ti sú mi láti máa gbẹ́rù. Mo fẹ́ kí èèyàn tún pariwo orúkọ mi kí n tó kú.

Tẹ́rì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ wa ló dé sí. Ìrọ̀lẹ́ ló wọlé. Ó tẹ orí ba fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà!" Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí a jẹun tán, ó mú ike oògùn kan jáde, ó lo ẹyọ kan. Àǹtí gbé ike náà wò, ojú wọn yí padà.

"Tẹ́rì, ṣé o mọ̀ pé bí ọtí bá kan oògùn yìí, ó lè pa èèyàn? Pàápàá ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò lágbára."

"Mo mọ̀, Mà. Ìdí tí mo fi ń lò ó nìyẹn, kí ẹ̀rù má jẹ̀ẹ́ kí n tún mu ọtí. Mo ti ṣèlérí fún Lúsì ọmọ mi. Ó ní bí mo bá tún fẹnu kan ọtí, n ò ní gbé ọmọ òun mọ́ láé."

Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́. N ò lè sọ pé n ò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a gbìyànjú àwọn orin wa wò. Ọwọ́ Tẹ́rì ń gbọ̀n. Igi ìlù bọ́, ó ṣà á, ó tún bọ́. Olórin wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí ọwọ́ rẹ̀ bá rí báyìí lọ́la, kò sí ìrìn àjò kankan o. Kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ."  Gbogbo ohun tí mo ti ń lálàá rẹ̀ ń bọ́ lọ lójú mi.

Lọ́jọ́ eré, oòrùn Texas mú gan-an. Tẹ́rì jókòó lẹ́yìn pèpéle, ó ká ọwọ́ méjèèjì sí abíyá. Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, ọ̀rẹ́." Mo ní kó má ṣèyọnu, pé mo fẹ́ lọ po tíì fún un. Mo gbé ife tíì gbígbóná lọ sídìí ọkọ̀ mi. Ìdérí ìgò méjì láti inú ìgò pẹlẹbẹ yẹn. Mo da atalẹ̀ gígún sí i dáadáa kí òórùn ọtí má bàa hàn, mo da ṣúgà lé e. Mo ń sọ fún ara mi pé èyí kéré, pé mo kàn fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni.

Ó fẹnu kàn án, ó dúró. "Kí lo fi sínú ẹ̀? Ó ń ta mí lọ́fun."

"Atalẹ̀ ni. Bí a ṣe ń po tíì nílé wa nìyẹn."

"Àwọn èèyàn yín le o!" Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ tó kán hàn, ó sì mu ún tán.

Orin àkọ́kọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, Tẹ́rì lù ú bí ìgbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́! Ó wo ọ̀dọ̀ mi, ó ṣẹ́jú sí mi. Orin kejì, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Orin kẹta kò parí. Ó bì, ó di àyà mú, ó ṣubú sáàárín àwọn ìlù rẹ̀. Àǹtí Bísí fò jáde láàárín èrò. Ámbúláǹsì dé. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń bi wá pé kí ló mu, kí ló jẹ. Mo ní oòrùn ló mú un.

Àǹtí di ọwọ́ mi mú. Yorùbá ni wọ́n fi bi mí, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́. "Àbúrò mi, jọ̀ọ́. Kí lo fún un mu? Sọ fún mi, kò sẹ́ni tó máa gbọ́."

"Tíì lásán ni, Àǹtí."

Bí ẹni tí oòrùn mú ni wọ́n ṣe wá ń tọ́jú rẹ̀. Tẹ́rì kú kí oòrùn náà tó wọ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n rí ọtí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Olórin wa mi orí, ó ní, "Ó ti tún bẹ̀rẹ̀." Èmi náà mi orí. Àǹtí pe Lúsì, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú fóònù. "Ó purọ́ fún mi. Ó wò mí lójú, ó sì purọ́ fún mi. Ẹ sin ín síbẹ̀. N ò wá."

Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti já nínú mi. Mo ti gba ẹ̀mí Tẹ́rì, mo tún wá ń gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.  Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀ ní ìdáná, mo jẹ́wọ́ fún Àǹtí.   Wọ́n ní, "Mo bi ẹ́. Mo fi Yorùbá bi ẹ́." Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, wọ́n gbé mi gba ọ̀nà márosẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá ní Arlington.

Dókítà sọ nílé ẹjọ́ pé ká ní òun tètè mọ̀ pé ọtí ti kan oògùn yẹn, òun ì bá mọ ohun tí òun máa ṣe. Lúsì wá. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ tẹnu rẹ̀, èmi ló kọjú sí. "Ṣé ó mọ̀ pé ọtí wà níbẹ̀?"

"Kò mọ̀. Mo búra, kò mọ̀. Mo ní atalẹ̀ ni."

Ó jókòó, ó fi ọwọ́ bojú, ó ń sunkún, ó ń wí pé, "Bàbá mi ò purọ́ fún mi. Bàbá mi ò purọ́ fún mi." Ìdájọ́ tí adájọ́ kà lẹ́yìn náà, díẹ̀ ni mo gbọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ìwé gíga ní Arlington, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí ẹ bá kọ ọtí, wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, yẹ̀yẹ́ ò pa èèyàn. Bí ẹ bá sì ti ṣe ohun burúkú kan, tí ẹnì kan tó fẹ́ràn yín di ọwọ́ yín mú, tó ń bẹ̀ yín pé kí lẹ ṣe, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dá a lóhùn níbẹ̀ yẹn. Ẹ má ro ojú tó máa tì yín. Tẹ́rì ṣì ń mí nígbà tí Àǹtí bi mí.