Ewé Tí Ìyàwó Mi Fi Dí Ọ̀nà Òkè

Ògo! Ẹ kò tíì pariwo tó. Ẹ ké e kí àwọn òkè tó yí Ìgbájọ ká gbọ́: Ògo ni fún Ọlọ́run tó yí òkúta kúrò lẹ́nu ihò! A dúpẹ́. A tún dúpẹ́.

Ẹ̀yin ará, obìnrin tó jókòó níwájú yìí, tó na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì, Morádékẹ́ aya mi ni. Ní Sátidé tó kọjá, òkúta sé e mọ́ inú ihò lórí òkè. Lónìí, ó wà láàyè. Ẹ yin Olúwa!

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: Alàájì Ràímì, onímọ́tò tó ń gbé Èkó. Ẹgbẹ́ mi ni. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tí mò ń kàwé lábẹ́ igi, tí ayé ṣì tutù, òun wà nílé níbí, ó ń ra búrẹ́dì fún Dékẹ́. Èmi ni Dékẹ́ fẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá rí mọ́tò Pijó ọkùnrin yìí tó ń gun òkè bọ̀ wálé fún Iléyá, inú mi a máa ta bí ẹni gbé ata mì. Owú ni. Ẹ má pè é ní nǹkan mìíràn.

Lọ́dún yìí, ó gbé itan àgbò wá fún wa. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó wo ìyàwó mi, ó ní, "Dékẹ́, ìwọ ò mà darúgbó o! Tíṣà nìkan ló ń gbó nílé yìí."

Dékẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. N kò fẹnu kan ẹran náà.

Lọ́jọ́ kejì, Dékẹ́ jáde láàárọ̀ nígbà tí mò ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò. Òjò dé, irú òjò tí í gbá ilẹ̀ lọ. Òjò dá, n kò rí i. Wọ́n kírun ọ̀sán ní mọ́ṣáláṣí, n kò rí i. Ni Ìyá Bísí, aládùúgbò wa, bá yọjú lójú fèrèsé.

"Bàbá Títí, ṣé ìyàwó lẹ ń wá? Pijó Alàájì náà kò sí nílé o. Ó ti kọjá sí Ọ̀tan láàárọ̀. Èmi ò sọ nǹkan kan o."

Ẹ̀yin ará, ó sọ! Mo gun ọ̀kadà, ó di Ọ̀tan Ayégbajú. Mo bá Alàájì nílé àna rẹ̀, ó ń jẹ iyán, òun nìkan.

"Ràímì, níbo lo gbé ìyàwó mi sí?"

Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Dékẹ́ sọnù? O wá dúró síbí, ò ń bi mí? Wọ mọ́tò!"

A padà délé, mo wọ yàrá. Àkàyé ni mo fi gbogbo iṣẹ́ tíṣà mi kọ́ àwọn ọmọ. Mo máa ń wí fún wọn pé, "Ẹ má wo ohun tí wọ́n kọ nìkan. Kí lẹ lè fà yọ nínú ohun tí wọn kò kọ?" Mo wo yàrá náà bí àyọkà. Yẹtí wúrà rẹ̀ wà lórí tábìlì. Bàtà ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni àdá kékeré àti àkísà tó fi ń ṣe òṣùká. Obìnrin wo ló ń di òṣùká lọ bá àlè? Igi ìdáná ló lọ gbé! Kẹrosíìnì ti wọ́n, inú ihò kan lórí òkè ló sì ń kó igi gbígbẹ pamọ́ sí. Ẹ ṣeun, Olúwa!

Èmi, Ràímì àti àwọn ọkùnrin àdúgbò sáré gun òkè. A dé ibi tí ọ̀nà ti pínyà, n kò sì mọ èyí tó lọ sí ihò náà. Ẹ̀ka igi eléwé tútù dùbúlẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà òsì.

"Ewé rè é! Ibí ló gbà!" Alàájì ti kó sọ́nà náà.

Mo ké sí i pé, "Dúró! Èkó ti gba ilé lọ́kàn rẹ. Ọ̀nà tí aṣáájú bá fi ewé dí, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kì í gbà á. Ọ̀tún ló lọ."

"Háà! Mo ti gbàgbé o."

Bí a ṣe yà sọ́tùn-ún ni owú mi tún jí. Ẹni tó ń dá lọ kì í fi ewé dí ọ̀nà. Dékẹ́ ń retí ẹnì kan lẹ́yìn! Ta ni? Mo wo ẹ̀yìn Ràímì. Rárá, kì í ṣe òun. Dékẹ́ kò ní fi àmì tí kò lè kà sílẹ̀ fún un. Ara tù mí díẹ̀. Ta wá ni? Gbogbo àgbẹ̀ Ìgbájọ ni mo fura sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ gun òkè.

A dé ẹnu ihò. Kò sí ẹnu mọ́! Àpáta àti ẹrẹ̀ ti ya lulẹ̀, wọ́n ti dí i pa. Òjò mìíràn sì ti ń ṣú.

Mo pariwo, "Dékẹ́!" Mo tún pè é. Ohùn kan wá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bíi ti ẹni tó wà nínú ìkòkò.

"Bàbá Títí, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

Halelúyà! A fi ọwọ́ wa ẹrẹ̀. A ti igi bọ abẹ́ àpáta, a gbé e títí ó fi yí. Ràímì bọ́ àgbádá, ó dojúbolẹ̀, òun ló kọ́kọ́ nawọ́ wọlé di aya mi lọ́wọ́ mú. Mò ń dúpẹ́, mo sì ń jowú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ràímì, sún. Èmi ni kí n fà á."

"Tíṣà, pẹ̀lú òjò tó ń bọ̀ yìí? Di ọwọ́ kejì mú jàre!"

A jọ fà á jáde. Kò tíì mí dáadáa tí mo fi bi í pé, "Ta lo fi ewé dí ọ̀nà dè?"

Ó fi ojú ẹlẹ́rẹ̀ wò mí. "Ta ni bí kò ṣe ẹ̀yin? Ṣebí mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn láàárọ̀, mo ní tí ìròyìn bá parí kí ẹ wá bá mi gbé igi. Ẹ ní, 'Ó dáa.' Ibi tí mo jókòó dè yín sí ni òjò ká mi mọ́."

Ràímì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú ẹrẹ̀. "Tíṣà, a ti rí àlè náà mú!"

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ ní Ìlá sọ fún mi pé, "Bàbá, eegun kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní òjò kejì bá a nínú ihò yẹn, omi ì bá kún un." Ẹsẹ̀ wa kan ìloro ilé báyìí ni òjò náà dà sílẹ̀. Ta ló dá a dúró? Ọlọ́run ni!

Alàájì Ràímì, mo rí ọ lẹ́yìn níbẹ̀. O ṣeun, Ọlọ́run á san án fún ọ. Jókòó síbẹ̀ náà, má wá síwájú.

Ẹ̀yin tí wàhálà sé mọ́ inú òkùnkùn, ẹ gbọ́ ohun tí Dékẹ́ wí. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rù kò bà á nínú ihò. Ó ní, "Ó bà mí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó ń jowú mi tó báyìí kò lè ṣàì wá mi débi tí mo bá wà." Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run wa pàápàá, Òjòwú ni ó pe ara rẹ̀. Kò ní fi yín sílẹ̀ fún òkúta. Ẹ máa dáhùn bó bá pè yín. Ó ń gun òkè bọ̀.