Àwọn Ọkọ̀ Ogun Rọ́ṣíà Tí Mo Mú Délé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè dá gbé mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń purọ́ fún ọkọ mi. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ó fẹ́ lọ sọ irọ́ náà fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Igbó-Ọrà là ń gbé. Tíṣà ìṣirò ni Bàbá Ìbejì, àmọ́ ọkọ̀ ogun ojú omi ti Rọ́ṣíà ló fẹ́ràn láyé ẹ̀: àwọn onírin àtijọ́ tó gbé àgbá ńláńlá, títí dé èyí tó ń rìn lábẹ́ omi nígbà Sófíẹ̀tì. Ó máa ń ra ìwé wọn ní Ìbàdàn, á ní òun á kà á bí òun bá fẹ̀yìn tì. Ó fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ni ojú ẹ̀ bá fọ́. Èmi ni mo wá ń kà á fún un, tí mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá.

Ọdún yẹn náà ni odò Ọ̀fìkì gbé Táíwò wa lọ nígbà tó ń ti oko bọ̀. Bàbá ò sunkún. Kò kàn sọ̀rọ̀ mọ́ ni, àfi kó ní, "Ìyá Ìbejì, kàwé fún mi."

Lọ́jọ́ kan, mo ń ka ti àwọn ọkọ̀ tí ọba Rọ́ṣíà rán lọ bá Jàpáànù jà. Púpọ̀ nínú wọn yí Áfíríkà ká, wọ́n gba ojú òkun tiwa níbí kọjá. Mo wá dé ibi tí Jàpáànù ti rì wọ́n, tí àwọn ọmọkùnrin ń ké nínú omi. Mo pa ìwé náà dé.

Ó ní, "Kí ló dé? Ṣé wọ́n débẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n débẹ̀. Wọ́n jà, wọ́n sì padà sílé. Gbogbo wọn."

Ó mí kanlẹ̀. "Àwọn ìyá wọn á mà dúpẹ́ o." Ló bá bú sẹ́kún. Ẹkún Táíwò tí kò tíì sun ni. Mo gbé orí ẹ̀ lé itan mi títí tó fi sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Látìgbà náà, mi ò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan rì mọ́. Ọkọ̀ abẹ́ omi tí kò lè gòkè, mo mú un gòkè. Èyí tó jóná, mo ní wọ́n paná ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Àrórà nìkan ni mi ò purọ́ nípa ẹ̀, torí ìyẹn délé ní tiẹ̀, ó ṣì wà lórí omi dòní.

Kẹ́hìndé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìdèrè, ló wá bẹ bàbá ẹ̀ pé kó wá pìtàn ọkọ̀ wọ̀nyí fún kíláàsì òun. Òun náà ò mọ ohun tí mo ṣe. Inú Bàbá dùn débi pé ó ti gẹrun sílẹ̀.

Lánàá, ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún mi bó ṣe máa sọ ọ́. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti wọ èbúté, ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ibí yìí ni àwọn ọmọ á ti pàtẹ́wọ́." Mo pàtẹ́wọ́ fún un.

Àwọn ọmọ yẹn ní fóònù. Bí mo bá dákẹ́, ọ̀kan nínú wọn á já a nírọ́ lójú gbogbo kíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn. Ẹnu wo ni kí n fi sọ fún un pé àwọn ọmọ inú ọkọ̀ yẹn ò délé?