Àlàbá Ló Bu Iná Wá, Èmi Ni Mo Gbé E Sídìí Àká

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọyẹ́ bo ọ̀nà Masẹ débi pé a ń gbọ́ ariwo imọ̀ ọ̀pẹ, a ò rí ọ̀pẹ fúnra rẹ̀. Ètè gbogbo wa ti bẹ́. Àárọ̀ yẹn gan-an ni mo ṣe ohun tí mo fi pamọ́ láti ìgbà tí eyín ẹnu mi ṣì pé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo kí yín. Ìyá àgbà ni mí, ní abúlé kan ní ilẹ̀ Àjà-Wẹ̀rẹ̀ níbí. Abẹ́ igi máńgòrò, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwa àgbà níwèé, ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀. Bí ìlà mi bá wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nà án. Ẹrù kan ti wà lórí mi tipẹ́. Ṣùgbọ́n ara mi ń yá gágá bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ má bínú pé inú mi ń dùn nígbà tí mò ń jẹ́wọ́. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀.

Ọmọ àbúrò ọkọ mi kan wà, ọmọbìnrin ni. Mo máa pè é ní Àlàbá, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú, èmi ni mo tọ́ ọ.

Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Bí iná ẹni bá kú mọ́jú, a ó rán ọmọ sí ìdí àdògán aládùúgbò pẹ̀lú àpáàdì, á bu ẹyín iná wá. Mo rán Àlàbá láàárọ̀ ọyẹ́ yẹn. Ó bu ú wá, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí mo ti ní kó ṣe, ó sì sáré lọ pọnmi.

Atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí n gbé iná náà síbi tí atẹ́gùn kò ní dé. Ni mo bá gbé e lọ sídìí àká tó wà lẹ́yìn ilé wa. Àká gbogbo abúlé ni, àgbàdo oko gbogbogbò tí ìjọba ní ká jọ dá ló wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ ni délégè, olórí tí ìjọba fi jẹ lórí wa, fun fèrè pé ká máa bọ̀ lóko. Ẹni tó bá pẹ́, ojú á tì í láàárín àwùjọ. Mo sáré. Mo gbàgbé iná.

Kí a tó mú ọkọ́ dáadáa, èéfín ti ga ju ọ̀pẹ lọ.

Délégè dúró nínú eérú, ó ń pariwo: “Ta ló gbé iná wá síbí? Ta ni ọ̀tá ìjọba yẹn?” Aládùúgbò wa ní, “Àlàbá ló wá bu iná lọ́dọ̀ mi láàárọ̀.” Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ojú yí sí ọmọ náà. Ọmọ náà yíjú sí mi.

Mo dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Mo sọ lọ́kàn mi pé wọn ò ní gbé ọmọdé lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Pọ́bẹ̀, èmi àgbà ni wọ́n á gbé lọ. Mo ní wọ́n á nà án díẹ̀, á tán síbẹ̀. Wọ́n nà án lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Adánásunàká. Láti ìgbà náà kò fọwọ́ kan iná mọ́. Ó dàgbà, ó lọ sílé ọkọ ní Tatonnonkon, níbi tí gbogbo obìnrin ti ń yan gaàrí. Ìyá ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé, “Ìyàwó tiwa ń sá fún àdògán bí ewúrẹ́ ṣe ń sá fún òjò.” Ó bímọ, kò gbà kí ọmọ náà sún mọ́ ilé ìdáná, òun náà kò wọ ibẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n dá a padà sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n ní bí kò bá lè dáná, kí ó já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí àwọn wá gba ọmọ àwọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dé tí mo gbọ́ pé obìnrin kan dé sílé ìwòsàn Ìkpìnlẹ̀, tó ń tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ fara pa. Ó kàwé lókè òkun. Nàgó, èdè tiwa, tó ń sọ, èdè Gùn pọ̀ nínú rẹ̀. “Kámáráàdì” ló ń pe gbogbo ènìyàn, bí ìjọba ṣe ní ká máa pe ara wa, èmi, ó ń pè mí ní “kámáráàdì ìyá.” Ó ní kí Àlàbá mú ẹnìkan tó fọkàn tán wá bá a jókòó. Èmi ni Àlàbá mú.

Obìnrin náà tẹ́ ẹní. Ó ní inú ènìyàn kì í ṣe yàrá kan, agbo ilé ni. Ẹnìkan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, ẹnìkan ń jà, ẹnìkan wà tí wọ́n tì mọ́ yàrá ẹ̀yìn nítorí pé ẹkún rẹ̀ pọ̀. Ó ní a kì í lé èyíkéyìí nínú wọn. A ó kí wọn ni, a ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

“Ẹni tó ń sá fún iná nínú rẹ,” ó bi Àlàbá, “ṣé ó gbà ká bá a sọ̀rọ̀?”

Àlàbá di ojú. “Ó gbà. Ọmọdé ni. Ó gbé àpáàdì lọ́wọ́.”

“Kí ló fẹ́?”

“Ó fẹ́ kí ẹnìkan sọ fún un bóyá òun ni. Ó rántí pé òun gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ní ìdí àká ni. Ó ní bóyá ọwọ́ òun máa ń ṣe ohun tí òun ò mọ̀.” Ó dì mọ́ ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. “Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fi ọwọ́ yìí dáná níbi tí ọmọ mi wà.”

Háà! Ẹ̀yin ènìyàn, ọ̀bẹ kò mú tó bẹ́ẹ̀.

Obìnrin náà wò mí. “Kámáráàdì ìyá, ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà nínú tiyín?”

Mo di ojú tèmi náà. Ẹ gbà mí gbọ́, mo rí i! Obìnrin kan fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, èmi nígbà èwe mi ni. Mo bi í ní ohun tó ń bẹ̀rù. Ó ní Pọ́bẹ̀ ni, wọ́n á gbé wa lọ. Mo ní, “Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mo ti darúgbó, jẹ́ kí wọ́n wá gbé mi. Kúrò lẹ́nu ọ̀nà.” Ó kúrò! Àyà mi fúyẹ́ bí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n da ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ nù. Mo fẹ́ pariwo.

Ni Àlàbá bá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi wá.” Mi ò lè sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àlàbá ti mọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì sọ pé òun dárí jì mí. Ṣé kí n máa bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ kí ó bínú tẹ́rùn? Ṣé kí n lọ bá àwọn àna rẹ̀ ní Tatonnonkon fúnra mi? Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo yín tí ẹ bímọ. Kí ẹ tó dá mi lóhùn, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Lọ́jọ́ kejì tí a ti Ìkpìnlẹ̀ dé, ilẹ̀ mọ́, mo bu ẹyín iná sínú àpáàdì, mo gba àárín abúlé lọ sílé bàbá Àlàbá. Adẹ́mu kan kígbe láti orí ọ̀pẹ: “Ìyá àgbà! Ṣé ọmọ ti tán nílé yín ni, tí ẹ̀yin fi ń gbé iná kiri?”

“Ọmọ kò tán!” ni mo dá a lóhùn. “Èmi ni mo jó àká ọjọ́sí! Kì í ṣe Àlàbá!”

Díẹ̀ ló kù kí akèrègbè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń yan gaàrí dìde. Mò ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń lọ, lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, àpáàdì ń jó mi lọ́wọ́, mi ò sọ ọ́ kalẹ̀.

Àlàbá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹnu ọ̀nà ni o gbé e sí. Èmi ni mo gbé e kúrò níbẹ̀. Bá mi sọ fún ọmọ inú rẹ tó gbé àpáàdì lọ́wọ́ yẹn.”

Ó na ọwọ́, ó gba àpáàdì, ó wọlé. Mo ṣì wà lórí eékún nígbà tí mo gbọ́ ọ nílé ìdáná, tó ń fẹ́ iná.