Mo Ní Dókítà Ló Ní Kí Àbúrò Mi Fi Oògùn Sílẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má tètè ṣépè fún mi. Irọ́ kan ni mo pa nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ẹ̀mí sì bá a lọ. Kò sí ẹni tó mọ̀ àfi Ọlọ́run. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ọmọ Bẹyẹrunkà n'Íbàdàn ni mí. Èmi àti àbúrò mi, Ràbíátù, nìkan ni ìyá wa bí. Èmi ń ta abọ́ ní Ọjà'ba, òun ń ránṣọ ní Ọ̀rányàn. Lẹ́yìn ọdún 1980 díẹ̀ ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ìka rẹ̀ wú, orúnkún rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n bíi pé oòrùn jó o. Kò lè di àlùmọ́gàjí mú mọ́. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é.

Ní ọsibítù ńlá, dókítà ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló yíjú padà, tó ń bá ara Ràbíátù fúnra rẹ̀ jà. Ó ní àìsàn náà kì í lọ tán, àmọ́ èèyàn lè máa bá a gbé. Ó fún un ní oògùn oníhóró. Oògùn náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú rùbùtù. Ràbí máa ń sunkún tó bá wo dígí.

Ìyàwó àbúrò bàbá wa, tó ti gbé òkè òkun pẹ́, ló mú ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá. Ó ní òun mọ ẹnì kan tó ní irú rẹ̀ lọ́hùn-ún, tí ara rẹ̀ fúyẹ́ nítorí ohun tó ń jẹ.

"Sìkírá," ó pè mí, "ohun tí ọdẹ lè rí nínú igbó kí aráyé tó mọ oko dá ni kó máa jẹ. Ẹran, ẹja, ẹ̀fọ́, èso. Ìrẹsì, ẹ̀kọ, búrẹ́dì, ẹ̀wà, mílíìkì, ṣúgà, kó jìnnà sí gbogbo wọn."

Ta ni yóò wà n'Íbàdàn tí kò ní fẹnu kan ọkà? Ṣùgbọ́n mo gbà á. Mo ń se ìgbín, mo ń yan ẹja, mo ń se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kún àwo bíi pé òun gan-an ni òkèlè. Tí àwa bá ń jẹun, Ràbí á kọ ẹ̀yìn sí wa. Nígbà tó ṣe, wíwú náà rọlẹ̀. Ó padà sídìí máṣínnì rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, ìfẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ gbogbo agboolé ń kí mi. Wọ́n ní, "Sìkírá ló wo àbúrò rẹ̀ sàn." Kò sí ẹni tó dárúkọ oògùn. Èmi náà kò dárúkọ rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọkọ yọjú fún Ràbí. Wọ́n ti ń múra yìgì nígbà tí ìyá ọkọ pè mí sí kọ̀rọ̀.

"A gbọ́ pé ó ń lo oògùn. A ò lè fẹ́ ẹni tó ń fi oògùn òyìnbó ṣe oúnjẹ o."

Mo ní, "Rárá, mà. Ara rẹ̀ ti dá."

Nígbà tí oògùn tán, aṣọ àwọn èèyàn pọ̀ lọ́wọ́ Ràbí, ló bá rán mi lọ gba òmíràn wá. Mo ròyìn oúnjẹ fún dókítà. Inú rẹ̀ dùn.

"Ó dáa, ẹ máa sè é fún un," ó wí. "Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó dá oògùn dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ làwa fúnra wa máa dín in kù. Tó bá dá a dúró fúnra rẹ̀, ó lè pa á."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gba oògùn, mo rìn dé Bẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ ń dún létí mi, mo da oògùn náà sínú gọ́tà. Nígbà tí mo délé, mo ní, "Dókítà ní kó o fi oògùn sílẹ̀. Ó ní oúnjẹ mi ti tó."

"Àǹtí mi, ṣé dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun náà ni."

Ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ń dúpẹ́. Títí dòní, tí mo bá ń ṣa ẹ̀fọ́, mo máa ń gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́yìn mi. Mo máa ń bojú wẹ̀yìn. Mi ò rí ẹnì kankan.

Kò pẹ́ tí èébì fi bẹ̀rẹ̀. Okun tán nínú rẹ̀. Ìdí máṣínnì ló ṣubú sí. A gbé e dé ọsibítù. Ìyá wa dúró lẹ́nu géètì, ó ń fa tẹ̀súbáà. Èmi nìkan ni mo bá a wọlé.

Dókítà bi mí pé, "Ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀?"

Ràbí la ojú sílẹ̀, ó ń wò mí. Kò lè sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mi ò mọ̀ bóyá Ràbí gbọ́. Mi ò sì mọ̀ bóyá wọn ì bá rí i gbà là ká ní mo sọ òtítọ́. Ó kú lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ pé Ràbí jẹ mọ́ínmọ́ín níbi ìsọmọlórúkọ. Ni ìyá wa bá fi ọwọ́ lu àyà. "Háà! Ọ̀fun ló pa ọmọ mi!" Gbogbo agboolé gbà bẹ́ẹ̀. Mo tẹrí ba. Láti ìgbà náà, orúkọ tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ọmọ tó bá lọ́kánjúwà nílé wa ni orúkọ àbúrò mi.

Ní báyìí, ọmọ mi obìnrin ti dàgbà, ìka tirẹ̀ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí wú. Àìsàn kan náà ni. Wọ́n fún un ní oògùn. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìyá mi gbá a mú.

"Kó oògùn yìí dànù. Dókítà tó ń tọ́jú Ràbí fúnra rẹ̀ ló ní kó fi í sílẹ̀. Ìyá rẹ á se oúnjẹ fún ọ. Ìwọ ṣáà ti ṣọ́ ohun tó ń wọ ẹnu rẹ, kó o má ṣe bíi Ràbí."

Ọmọ náà yíjú sí mi. "Màámi, ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní kó máa lo oògùn rẹ̀, kó sì máa jẹ oúnjẹ náà, méjèèjì pọ̀. Ìyá mi bi mí pé kí ló dé tí mo fi yí ohùn padà. Mo dìde, mo jáde síta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá mi ti darúgbó, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà. Tí mo bá jẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà lè gbé e lọ. Tí mi ò bá jẹ́wọ́, ó lè rí ọmọ mi yí lọ́kàn padà lẹ́yìn mi. Ràbí, foríjì mí. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún arúgbó pé ọmọ tó ti ń bú láti ọdún pípẹ́ wá kò jẹ̀bi ohunkóhun?