Ìwé Iṣẹ́ Tí Mo Já Lára Ògiri

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, mi ò sì mọ ibi tí yóò já sí. Ohun tí mo ti gbé sínú láti ọdún mẹ́sàn-án kò gbọdọ̀ bá mi wọ yàrá náà.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé wọ́n lé àbúrò mi obìnrin kúrò nílé ìfọṣọ nítorí pé ó ba kóòtù oníbàárà jẹ́. Irọ́ gbáà ni.

Ọ́tísíìmù, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, ni dókítà pe tirẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún un ní kedere, yóò ṣe é kọjá bí ẹ ṣe rò. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní, "Mò ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú kan," yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa wo aago, inú rẹ̀ yóò sì bàjẹ́ tí ìṣẹ́jú méjì bá pé. Nítorí náà, láràárọ̀, èmi tí mo jẹ́ olórí iṣẹ́ nílé ìfọṣọ náà máa ń kọ ìwé iṣẹ́ fún un, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ: aṣọ wo, irú omi wo, ife ọṣẹ mélòó, ìṣẹ́jú mélòó. Kò sí ẹni tó ń fọṣọ tó o níbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú, síbẹ̀ ẹ wo ohun tí mo ṣe.

Lọ́jọ́ yẹn, fóònù ń dùn mọ́ mi létí, mo kọ omi gbígbóná fún kóòtù onírun àgùntàn tó jẹ́ pé omi tútù nìkan ló yẹ kó rí. Àbúrò mi wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, omi tútù lẹ kọ fún irú aṣọ yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èwo ni kí n ṣe?"

Mo jágbe mọ́ ọn: "Ṣé o ò lè kàwé ni? Ṣe ohun tí mo kọ!"

Ó ṣe é. Kóòtù géńdé ọkùnrin súnkì di ti ọmọ ìkókó.

Kí ọ̀gá tó dé, mo ti já ìwé náà lára ògiri, mo sì fi í pamọ́ sínú aṣọ láyà mi. Nígbà tí ọ̀gá bi í léèrè, àbúrò mi ní, "Ó wà nínú ìwé, Mà." Ó wo ògiri, ó wo abẹ́ ẹ̀rọ, ó tú gbogbo agbọ̀n aṣọ. Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ kọ?"

Ìkà ni mí. Mo ní, "Omi tútù ni mo kọ."

Ó gbà mí gbọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Láti ọjọ́ náà kò wáṣẹ́ mọ́, tó bá sì ka ohunkóhun, á gbé e tọ ẹlòmíràn lọ: "Ẹ bá mi wò ó, ojú mi máa ń tàn mí."

Láàárọ̀ òní, nígbà tó ń fún mi lóògùn, mo jẹ́wọ́ fún un. Kò bínú. Ó ní, "Ìyẹn ni pé mo kà á dáadáa?"

Mo ní, "O kà á dáadáa."

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi sì bú sẹ́kún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ẹ mọ ẹnu mi, mo ní, "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún..." Kò jẹ́ kí n parí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fi òwe sí i. Kí gbogbo ilé kà á."

Òun nìyí. Èmi ni mo kọ omi gbígbóná. Àbúrò mi béèrè lọ́wọ́ mi. Mo ní kó ṣe é. Mo gbé ìwé náà pamọ́, mo sì parọ́ mọ́ ọn. Àbúrò mi kò ṣe àṣìṣe kankan. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.