Ohun Tí Aṣọ́lé Bì Sílẹ̀

[Ìpè kan ṣoṣo. Àbúrò, télọ̀, ló pè láti ilé ìtọ́jú ẹranko. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà, ló gbé e níbi iṣẹ́. Fóònù dún títí. Ayùn ń ké. Ayùn dákẹ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò? Hẹ́lò! Ta nìyẹn?

ÀBÚRÒ: Bùọ̀dá mi, èmi ni. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá. Ṣé ara le?

Ẹ̀GBỌ́N: Ara le. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Yára sọ̀rọ̀, orí àkàbà ni mo wà, oníbàárà mi sì ń wò mí bí ẹni pé —

ÀBÚRÒ: Dáadáa ni gbogbo wọn wà. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ —

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Ohùn rẹ ń já.

ÀBÚRÒ: Mo ń gbọ́ yín. Ilé dókítà ẹranko ni mo wà. Mo gbé Aṣọ́lé wá.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló tún ṣe Aṣọ́lé?

ÀBÚRÒ: Inú ni. Ó ń bì, ó ń ṣu omi. Kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ti di ohun tí a ó kó dànù.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀rù ló wọ̀ ọ́ nínú. Ajá tí a sọ ní Aṣọ́lé, tí eku bá já lókè àjà, òun ni yóò kọ́kọ́ wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí olè bá wá, àwa la ó máa ṣọ́ òun.

ÀBÚRÒ: [ẹ̀rín díẹ̀] Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o, inú ń bí mi. Ẹ gbọ́ ọ bí?

[Ajá ń ké lábẹ́ ọ̀fun, hùn-ún, hùn-ún.]

ÀBÚRÒ: Láti ìgbà tí a ti jókòó ló ti ń gbọ̀n. Ológbò kan wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ológbò yẹn gan-an ti ń káàánú rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Báwo lo ṣe rí i gbé sínú mọ́tò? Kó ṣáà ti rí okùn ọrùn yẹn, ó ti tán.

ÀBÚRÒ: Mi ò fi okùn hàn án rárá. Ẹ mọ̀ pé a kì í pe dókítà létí rẹ̀, "ọ̀rẹ́ wa" la máa ń pè é. Mo ní ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ̀. Ó lọ dùbúlẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà yàrá Màámi, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi àti bàbá aládùúgbò la jọ wọ́ ọ jáde. Ó ha ilẹ̀kùn yín títí kalẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ilẹ̀kùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn?

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ n béèrè ohun tí mo pè fún. Dókítà fẹ́ mọ nǹkan tó jẹ. Nígbà tí ẹ wá kí Màámi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé ẹ ò fún un ní egungun, tàbí —

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi? Èmi tí n kì í já ẹran fún ọmọ mi?

ÀBÚRÒ: Lóòótọ́. Mo gbàgbé ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló wà lọ́dọ̀ Màámi?

ÀBÚRÒ: Wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀. Wọ́n ní orí ń wúwo díẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Orí ń wúwo?

ÀBÚRÒ: Kì í ṣe nǹkan, wọn ò sùn dáadáa. Apá òsì ni wọ́n fi sùn, ọwọ́ yẹn kú tipiri, ni tíì bá dà sí wọn lára. Mo ti bá wọn pààrọ̀ aṣọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò lórí fóònù, wọ́n ń pè wá wọlé. Mo fi yín sí sípíkà.

[Ilẹ̀kùn. Èékánná ń họ táìlì. Wọ́n ń fa nǹkan tó wúwo.]

DÓKÍTÀ: Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ gbé e sórí tábìlì. Ẹ bá mi di orí rẹ̀ mú. Ó dáa. Ó dáa, ọmọ dáadáa.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé o gbọ́ mi? Oníbàárà mi ti ń —

ÀBÚRÒ: Ẹ ní sùúrù, bùọ̀dá mi.

[Ajá ń mí hẹlẹhẹlẹ.]

DÓKÍTÀ: Eléyìí yà mí lẹ́nu. Ẹ wo bó ṣe ń gbọ̀n. Ajá tí ẹ̀rù ń bà, ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ máa sáré. Ti eléyìí ń falẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ó ń falẹ̀ báwo?

DÓKÍTÀ: Bí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn. Ṣé oògùn kankan wà nílé tí ẹnu rẹ̀ lè dé?

ÀBÚRÒ: Rárá o. Ti Màámi nìkan ló wà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kọ́bọ́ọ̀dù òkè ló sì ń gbé. Èmi fúnra mi ni mo ń yọ ọ́ fún wọn láràárọ̀, èmi ni mo tún ń tì í padà.

Ẹ̀GBỌ́N: Òótọ́ ni, dókítà. Èmi ni mo kan kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, èèyàn gan-an ò lè ṣí i láìgun àga.

DÓKÍTÀ: Ó dáa. Ẹ yẹra díẹ̀ mà, ó fẹ́ bì —

[Ajá bì. Omi ta sílẹ̀.]

ÀBÚRÒ: Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ bá mi mú tíṣù yẹn. Pẹ̀lẹ́ o. Ah.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé?

ÀBÚRÒ: Búrẹ́dì ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Búrẹ́dì ò pa ajá.

ÀBÚRÒ: Wọ́n fi ọwọ́ ṣù ú ni, ó rí roboto. Ẹ dúró. Nǹkan wà nínú rẹ̀. Bùọ̀dá mi... hóró oògùn ni. Ó jẹ́ píǹkì. Ìlà wà láàárín rẹ̀.

[Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, wọ́n gbé irinṣẹ́ kan kalẹ̀.]

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ọ. Hóró mélòó?

ÀBÚRÒ: Méjì.

Ẹ̀GBỌ́N: Méjì ni dókítà Màámi sọ ọ́ dà nígbà tí mo gbé wọn lọ kẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀kan ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ò wálẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Báwo ni yóò ṣe wálẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ajá ló wálẹ̀! Ṣé o máa ń dúró títí wọ́n á fi gbé e mì? Mo sọ ọ́ fún ọ: má kúrò níwájú wọn títí —

ÀBÚRÒ: Mo ń rí i tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì! Wọ́n ní ọ̀fun àwọn há, inú búrẹ́dì ni káwọn máa fi sí. Èmi náà ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣù ú níwájú mi, wọ́n á fi sẹ́nu, èmi á lọ gbé báàgì mi. Aṣọ́lé kì í kúrò lábẹ́ tábìlì. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi, Màámi. Ṣé wọn ò sọ fún mi pé oògùn yẹn ń sọ àgbàlagbà di ọmọ ìkókó, pé ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ làwọn ń sùn? Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ máa lò ó bẹ́ẹ̀."

DÓKÍTÀ: Ẹ má bínú pé mo dá sí i. Mo máa fa omi sí ajá lára, mo lérò pé yóò yè. Ṣùgbọ́n ìyá yín, ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?

[Ajá tún ń ké lábẹ́ ọ̀fun.]

ÀBÚRÒ: Bùọ̀dá mi, ọwọ́ òsì.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti ń sọ̀ kalẹ̀.

[Irin kan lu irin. Ọkùnrin kan ń ké lókèèrè: "Káfíńtà! Níbo lò ń lọ?" Ilẹ̀kùn mọ́tò.]

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyá mi ni, sà! Mò ń bọ̀!

ÀBÚRÒ: Ọ̀rọ̀ wọn ń fà láàárọ̀ yìí. Mo rò pé búrẹ́dì ló wà lẹ́nu wọn. Mo bá wọn wí. Mo ní, "Màámi, ẹ gbé oúnjẹ mì kí ẹ tó sọ̀rọ̀." Wọ́n kàn ń wò mí. Bùọ̀dá mi, wọ́n kàn ń wò mí ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Má sunkún. Ẹkún kọ́ la fẹ́ báyìí. Pe fóònù wọn.

ÀBÚRÒ: Fóònù kan ṣoṣo ni mo mú dání, òun ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ —

DÓKÍTÀ: Ẹ ka nọ́ńbà wọn fún mi, kí n tẹ̀ ẹ́.

[Fóònù mìíràn ń dún sí òdìkejì. Ó dún títí. Ó dákẹ́.]

DÓKÍTÀ: Wọn ò gbé e. Ẹ sọ àdírẹ́sì yín, mo ń pe áńbúláǹsì.

[Àbúrò ń sọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ń ké. Fèrè ọkọ̀.]

Ẹ̀GBỌ́N: Kúrò lọ́nà! Ṣé o — mi? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo ń gbọ́ yín ní ẹyọ ẹyọ. Ibo lẹ dé?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti yà sí òpópónà wa. Àbúrò, ajá yẹn ò bẹ̀rù dókítà.

ÀBÚRÒ: Kí lẹ wí?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo ní kò bẹ̀rù dókítà kankan. Ó mọ nǹkan tó rí.

ÀBÚRÒ: Mo wọ́ ọ. Mo di ọrùn rẹ̀ mú, mo wọ́ ọ nílẹ̀, bùọ̀dá mi. Ó ń wẹ̀yìn.

[Mọ́tò dúró. Ẹsẹ̀ ń sáré lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ìkànkùn.]

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi! Màámi, èmi ni! Ẹ ṣí i!

ÀBÚRÒ: Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti ṣí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ti fi ìdábùú há a látinú.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa tì í bí wọ́n bá ku àwọn nìkan.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo mọ̀! Mo mọ ohun tí mo sọ! [Ó fi èjìká lu ilẹ̀kùn. Ó tún lù ú.] Igi líle ni mo fi ṣe é. Mo ní olè kankan ò ní lè wọlé tọ ìyá mi. Wò ó, kò tilẹ̀ mì.

ÀBÚRÒ: Fèrèsé kíṣìnnì ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ń lọ ẹ̀yìn.

[Ẹsẹ̀. Garawa kan ṣubú. Omi ẹ̀rọ ń dà lókèèrè.]

ÀBÚRÒ: Ìró omi wo nìyẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Omi ẹ̀rọ kíṣìnnì ni, wọn ò tì í. Omi ti — sílẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Mo ń gun garawa. Gíláàsì yìí ti — dúró ná. Mo rí wọn.

ÀBÚRÒ: Ọlọ́run, o ṣeun! Ṣé wọ́n —

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n jókòó nídìí tábìlì. [Ó ń kan gíláàsì.] Màámi! Màámi, ẹ wo ibí!

ÀBÚRÒ: Ṣé wọ́n gbọ́ yín?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọn ò wo apá ibi tí mo wà. Abẹ́ tábìlì ni wọ́n ń wò.

ÀBÚRÒ: Ojú wọn ńkọ́? Ẹnu wọn? Bùọ̀dá mi, ẹ sọ ọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti wọ́.

ÀBÚRÒ: Kí ló wọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹnu. Ó ti wọ́ sápá kan. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀. Dákẹ́. Dákẹ́ ná, kí n gbọ́ wọn.

[Ohùn àgbà obìnrin lẹ́yìn gíláàsì, ó ń fà: "Aṣọ́... Aṣọ́..."]

[Èékánná lórí tábìlì dókítà. Ajá gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.]

DÓKÍTÀ: Ẹ dì í mú! Ó ti dìde, ẹ dì í mú mà!

ÀBÚRÒ: Kí ni wọ́n ń sọ? Bùọ̀dá mi! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọwọ́ òsì ò mì. Ọ̀tún ni wọ́n nà sábẹ́ tábìlì. Búrẹ́dì ló wà lọ́wọ́ ọ̀hún, wọ́n ti ṣù ú. Àbúrò, ajá ni wọ́n ń pè. Wọ́n ń wá a kó wá gbà á —

ÀBÚRÒ: Ẹ fọ́ gíláàsì! Bùọ̀dá mi, ẹ fọ́ ọ, ẹ wọlé!

[Gíláàsì fọ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi, ẹ gbé e sẹ́nu. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án sílẹ̀ mọ́, kò sí níbẹ̀, kò sí ní —

ÀBÚRÒ: Bùọ̀dá mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ —

[Ìpè já.]